Iṣẹ́ Bàbá

Àtíkẹ́ gbé fọ́ọ̀mù ilé-ìwé wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ó ti kọ orúkọ mi tán.
"Bàbá, wọ́n ní kí n kọ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe."
Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fà síbẹ̀,
kò gùn ju ìka àárín mi lọ.
Mo ní kó jẹ́ n rò ó.

Ṣé kí n ní kó kọ kẹ̀kẹ́?
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí
nígbà tí wọ́n fà mí lé Ọ̀gá Bùsàrí lọ́wọ́ ní Ìgbọ̀nà.
Odindi ọdún kan, mi ò fọwọ́ kan sípánà.
Omi ni mò ń pọn, táyà ni mò ń rì sínú abọ́
kí n lè mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń yọ.
Ọ̀gá kì í sọ̀rọ̀. Bí mo bá ṣì í ṣe, a gbá mi létí,
a sì tún un ṣe lójú mi,
pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń di irun ọmọ.
"Etí ni kó o fi ṣiṣẹ́," ó wí lọ́jọ́ kan,
"ojú a máa purọ́."

Ilé-iṣẹ́ irin ló tẹ̀ lé e.
Aṣọ búlúù, fìlà líle, bàtà tó wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀.
Irin pípọ́n ń sá jáde
bí ejò tí wọ́n da omi gbígbóná sí nínú ihò,
àwa ń fi ẹ̀mú lé e.
Mo rò pé ibẹ̀ ni n ó dàgbà sí.
Owó oṣù kan kò wọlé, a ní ó ń bọ̀.
Ìkejì. Ìkẹta.
Lọ́jọ́ kan iná iléru kú, wọn kò sì tún un dá.
Ó ku ẹni tó ń ṣọ́ géètì, òun àti ewúrẹ́.

Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.
Mo ń tún rédíò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin rélùwéè,
mo ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe,
títí àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fi dé:
bí wọ́n bá ti fọ́, ààtàn ni.

Dìméjì ló kọ́ mi ní kọ̀ǹpútà, ní Òkè-Fìà,
ọmọ tí mo lè bí.
Òun ń pè mí ní Àlàgbà, èmi ń pè é ní Ọ̀gá.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló fi mí rẹ́rìn-ín,
ọjọ́ tí mo gbé eku kọ̀ǹpútà sókè
tí mo dojú rẹ̀ kọ ògiri.

Fóònù ni ojú ti kọ̀ fún mi.
Inú rẹ̀ kéré ju ẹyin iná orí lọ.

Sẹ̀líátù ní oníṣẹ́ púpọ̀ kì í là.
Mi ò já a nírọ́. Ẹ̀yìn ilé wa kò tíì rí ọ̀dà.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ní Àyétòrò,
ẹ̀rọ ìfami opó kan kọ̀, kò fa omi.
Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta ti fi mítà wọ̀n ọ́n sókè sódò.
Mo ní kí wọ́n dákẹ́.
Mo gbé etí lé irin tútù náà, mo ní kí wọ́n tan án.
Bíárìn ló ń sunkún nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Ọ̀gá Bùsàrí ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún,
síbẹ̀ etí ọ̀tún mi ta mí
bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a ni.

"Bàbá, bírò ń gbẹ o."
Mo ní kó kọ: ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́.
Ó wò mí, ó wo ewú orí mi.
"Wọ́n á dá a padà fún mi."
Kí wọ́n dá a padà.
Bá mi mú sípánà mẹ́rìnlá wá, lábẹ́ àga yẹn.